Ọwọ́ Tó Ń Fọ Pádì

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Mọ́tò Bọ̀dá Ìkẹ́ ti padà wá. Lexus dúdú tí a dán fún wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí gbogbo wa ń rí eyín ara wa nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó padà wá lónìí pẹ̀lú àbàwọ́n roboto-roboto, bí ìgbà tí ẹni tó ń jẹ pọ́fù-pọ́fù fọwọ́ pa á lára. Wọ́n gbé e sójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí Ọ̀gá wá wò ó. Ọ̀gá Gbọ́lágadé wo mọ́tò, ó wá wo èmi.

"Ẹ̀bùnlọlá, ta ló fọ pádì?"

Ta ni ì bá tún fọ̀ ọ́? Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Amúwò níbí, èmi ni mo sì ń fọ gbogbo pádì, fóòmù tó ń yí lẹ́nu máṣíìnì tí wọ́n fi ń dán mọ́tò. Tàjúdéènì tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ kì í fọwọ́ kan omi ọṣẹ, ó ní ó ń bó òun lọ́wọ́. Mo ní èmi ni, sà. Ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Bọ̀dá Ìkẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, omi ìdọ̀tí wọ yẹ̀rì mi. Bọ̀dá Ìkẹ́ ní ó ti tó, kí n dìde, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ò sọ pé kí n dìde, mo bá wà níbẹ̀ títí tí àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tán.

Lójú Ọ̀gá, "ẹ" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Kò lè rí mi.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Mo tún gbogbo pádì fọ̀. Mò ń kọ bí mo ṣe fọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù, torí mi ò rẹ́ni rò ó fún. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì yọ pọ́líìṣì tó ti gbẹ mọ́ ọn. Mo rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi ọṣẹ abọ́ sí i, mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ́ ọ. Ẹni tó bá lọ́ fóòmù bí ẹni lọ́ ṣòkòtò ti fà á ya nìyẹn. Èyí tó le, tó ń gé ojú ọ̀dà, ní báàfù tiẹ̀, èyí tó rọ̀, tó ń mú un dán, ní tiẹ̀, wọn kì í pàdé. Mo ṣan wọ́n títí omi fi mọ́ gaara. Mo dojú wọn bolẹ̀ lórí nẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ibòji, kí omi má lọ jókòó sí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wọn, kí oòrùn má sì yọ́ ọ. Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, ó ti di aláìmọ́, mo máa tún un fọ̀ ni, torí iyanrìn kan ṣoṣo tó bá wọnú ẹ̀, á ha mọ́tò olówó iyebíye bí èékánná ológbò. Níbo ni mo ti wá ṣì í?

Ọ̀gá ti mú ọjọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù mi. Sátidé kejì nínú Oṣù Kejìlá ni. Mánéjà ilé epo kan ní Festac sì ti ní òun á fún mi láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, kí n ṣáà ti mú ìwé-ẹ̀rí Ọ̀gá wá kí ọdún tó parí. Bí mi ò bá mú un wá, ẹlòmíì ti ń dúró. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, inú yàrá kan náà ni èmi àti Màámi ṣì ń sùn ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Mi ò lè máa kúnlẹ̀ lórí kọnkéré títí tí orí mi á fi hu ewú.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Kò sí pádì kan tó gbẹ. Mo fẹ́ fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ omi ara wọn dànù, kò sí iná, Ọ̀gá sì ní torí pádì kọ́ lòun ṣe ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní pádì dà. Mo ní wọn ò tíì gbẹ, sà. Ó mú èyí onírun tó ṣì ń kán tótó, ó fi gbá mi lójú. Tàjúdéènì rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kò yẹ kóun rín. Ká sọ òótọ́, èmi náà ì bá rín ká ní òun ni wọ́n gbá.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀sẹ̀ yìí dára. Gbogbo mọ́tò tó wọlé ló jáde bíi gíláàsì, kò sẹ́ni tó dá tiẹ̀ padà. Pádì kan náà ni, ọṣẹ kan náà, ọwọ́ mi yìí kan náà. Ọṣẹ olómi ti tún gbówó lórí, Ọ̀gá ní kí n máa fi omi là á. Mi ò là á, mo kàn ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Òjò dá ọwọ́ dúró díẹ̀, àwọn pádì gbẹ, wọ́n rọ̀ bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó kí mi kú iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Ó tún ti ṣẹlẹ̀.

Àná jẹ́ ìsinmi, a ò ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti fọ gbogbo pádì, mo tò wọ́n sórí pákó ní mímọ́. Láàárọ̀ yìí, a fi wọ́n dán mọ́tò ìyá kan láti ẹ̀sìtéètì Raji Rasaki. Nígbà tí Ọ̀gá wá fẹ́ fi sẹ̀rámíìkì bò ó, omi kan tó yẹ kó gan mọ́ ọ̀dà bíi gíláàsì, sẹ̀rámíìkì kọ̀. Ó ń ṣù jọ, ó ń sá kúrò lójú kan, bí omi lórí àwo ọlọ́ràá. Owó ńlá ni ìgò ẹ̀. Ojú Ọ̀gá pọ́n.

Ó yọ pádì kúrò lẹ́nu máṣíìnì, ó jù ú sínú abọ́ omi, ó tẹ̀ ẹ́ títí omi náà fi ṣú. Ó gbé abọ́ náà fún mi níwájú ìyá yẹn.

"Ṣebí o ní o fọ̀ ọ́. Tó bá mọ́, mu ún."

Mo wo ojú ẹ̀ bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ìyá yẹn yíjú sí fóònù wọn. Mo bu ẹnu kan. Pọ́líìṣì ta mí lọ́nà ọ̀fun, mo bì í sára bàtà ara mi. Ó ní òun ti fi oṣù mẹ́fà kún àkókò mi, kí n gbàgbé Oṣù Kejìlá.

Mo lọ sunkún ní tọ́ílẹ̀ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi mọ ohun tó wà lórí ahọ́n mi. Lẹ́yìn kíkorò pọ́líìṣì, òróró ni. Òróró ólífì. Mi ò lè ṣì í mọ̀, torí láti kékeré ni Màámi ti ń fi ṣíbí fún mi mu ún tí inú bá ń run mí. Ẹ gbà mí o, kí ni òróró ólífì ń wá nínú pádì tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀?

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Mi ò tiẹ̀ béèrè. Màámi fúnra wọn ló sọ ọ́ bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ìjọ kan náà ni àwa àti ìyàwó Ọ̀gá. Mọ́mì ni gbogbo ìjọ ń pè wọ́n, àwọn náà ni wọ́n bá Màámi sọ ọ́ tí mo fi ráyè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkọ wọn. Màámi ń ròyìn ìgbàgbọ́ Mọ́mì. Wọ́n ní wòlíì kan ríran sí Mọ́mì nínú Oṣù Kẹjọ pé kí wọ́n máa fi òróró àdúrà ra ohun tó ń yí nínú iṣẹ́ ọkọ wọn. Tẹ́lẹ̀, ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n ń fi í ra. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù, wọ́n á ti débẹ̀ ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ohun tó ń yí. Mo dúró láàárín títì. Màámi ní kí ló ṣe mí, mo ní òkúta wọ bàtà mi.

Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí mo dé. Mo dúró sẹ́yìn táńkì omi, mo ń wo inú ṣọ́ọ̀bù láti ojú fèrèsé. Mọ́mì ti kó gbogbo pádì mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ń da òróró sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọnú fóòmù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń para fún ọmọ tuntun. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó tú àṣírí ẹni tó ń ba iṣẹ́ ọkọ àwọn jẹ́. Ọ̀gá dúró tì wọ́n, ó di ojú, ó ń ṣe àmín.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí. Gbogbo ìyà tí mo ti jẹ! Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Ọ̀gá ní kí n kó pádì wá. Mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣan wọ́n, sà. Ó ní ṣé mi ò fọ̀ wọ́n lánàá ni. A fi wọ́n dán jíìpù funfun kan. Mo ti mọ bó ṣe máa rí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Mo dúró kí Tàjúdéènì lọ kírun kí n tó lọ bá Ọ̀gá. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo fi ọwọ́ sẹ́yìn. Mo ní òróró ni, sà. Ó ń bo àbùkù mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá dán mọ́tò, tó bá yá, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, àbàwọ́n á sì yọ. Òun náà ni kì í jẹ́ kí sẹ̀rámíìkì gan. Mo ní kó bá mi bẹ Mọ́mì kí wọ́n fi ra orí máṣíìnì, kí wọ́n fi pádì sílẹ̀. Mò ń retí ìgbátí. Kò gbá mi.

"Mo mọ̀," ló sọ. "Láti ìgbà mọ́tò Ìkẹ́ ni mo ti mọ̀. Mo gbóòórùn ẹ̀."

Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi ní kí n mu omi pádì.

"Ta lo fẹ́ kí n gbé e fún? Mọ́mì? Àwọn ló gba ṣọ́ọ̀bù yìí, àwọn ló ra máṣíìnì. Ṣé èmi ni màá wá la ẹnu sọ pé òróró Ọlọ́run ń ba mọ́tò jẹ́? Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó bà á jẹ́, Ẹ̀bùn. Ìwọ lò ń fọ pádì."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ó ní bí mo bá sọ ọ́ síta, òun á ní mò ń gan òróró àdúrà, ká wá wo ẹni tí ìjọ máa gbà gbọ́, títí kan ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ gbálẹ̀.

Mo kórìíra ẹ̀. Mi ò kórìíra èèyàn báyìí rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Jíìpù funfun ti padà wá. Ọ̀gá fi bẹ́líìtì àpò irinṣẹ́ nà mí lẹ́yìn níwájú oníjíìpù. Ó ṣẹ́jú sí mi nígbà tó ṣe é tán, bíi pé àwa méjèèjì la jọ mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kọkànlá

Mọ́mì lálàá. Wọ́n rí ọwọ́ obìnrin kan nínú báàfù omi, ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, gbogbo ohun tó fọ̀ ló ń jẹrà. Wọ́n pe Màámi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sọ ọ́ fún wọn. Mo dúró níbi tí a to àga sí, mò ń wò wọ́n, mo sì ń gbọ́. Màámi di ẹnu mú. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ń wo ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀gá ti gba pádì lọ́wọ́ mi. Tàjúdéènì ni yóò máa fọ̀ wọ́n. Èmi ni kí n máa pọn omi, kí n máa gbálẹ̀. Tàjúdéènì ń lọ́ fóòmù bí ẹni tó ń fún ṣòkòtò. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́, kó má lọ́ ọ. Ó ní ṣebí wọ́n ní kí ọwọ́ mi jìnnà sí i.

Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kọkànlá

Mo ti rò ó. Bí mọ́tò Oṣù Kejìlá bá jáde ní mímọ́, kí ni Ọ̀gá fẹ́ wí? Kò ní sí nǹkan kan tó bàjẹ́ tó fi máa dá mi dúró. Nígbà tí a fẹ́ tìlẹ̀kùn lónìí, mo kó àwọn pádì tó dára sínú ọ̀rá mímọ́, mo dì í, mo tì í sísàlẹ̀ báàgì mi. Mo wá to àwọn ògbólógbòó tí a ti pa tì sórí pákó dípò wọn. Tàjúdéènì rí mi. Ó ní òun ò rí nǹkan kan o, Mùsùlùmí lòun, kí wọ́n má fa òun wọ ọ̀rọ̀ òróró.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Mọ́mì wá, wọ́n gbàdúrà lé àwọn ògbólógbòó lórí, wọ́n lọ. Mo dá tèmi padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wo pákó, ó wo báàgì mi, ó fi fìlà rẹ̀ họ orí.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kejìlá

Gbogbo mọ́tò ọ̀sẹ̀ yìí ló dán. Sẹ̀rámíìkì gan pípé! Bọ̀dá Ìkẹ́ tún gbé Lexus wá, wọ́n ní kò tíì rí báyìí rí láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Mo kọrin délé. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ètè mi bó, mi ò bìkítà.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

Mọ́mì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gba máíìkì, wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn yọ̀. Wọ́n ní oṣù àkọ́kọ́ tí àwọn fi òróró ra irinṣẹ́, iṣẹ́ ò gún. Oṣù kejì, kò gún. Oṣù kẹta, kò gún. Ọlọ́run wá fi ọwọ́ kan hàn àwọn lójú àlá, wọ́n gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni náà, ó di oṣù yìí, òróró ọ̀hún ṣiṣẹ́, gbogbo mọ́tò ń dán. Ìjọ hó yèè.

Wọn ò dárúkọ mi. Ta ni kò mọ̀? Àwọn tó wà níwájú wa bẹ̀rẹ̀ sí yíjú wẹ̀yìn. Màámi jókòó tì mí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń sunkún. Èmi ni mo kó pádì pamọ́. Èmi ni mo jẹ́ kí mọ́tò dán. Ká ní mo fi pádì sílẹ̀ kí mọ́tò bàjẹ́ lọ́wọ́ Tàjúdéènì ni, gbogbo ayé ì bá mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ mi.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejìlá

Ọ̀gá pè mí jókòó. Kò ní kí n jókòó rí. Ó ní òun rí ohun tí mo fi pádì ṣe, mo gbọ́n, Tàjúdéènì á sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù. Ó ní òun ti yọ oṣù mẹ́fà yẹn kúrò, fíríìdọ̀ọ̀mù mi ṣì dúró ní Sátidé. Nǹkan kan ló kù. Mọ́mì fẹ́ kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé ọwọ́ mi ló ba iṣẹ́ jẹ́, kí wọ́n wá gbàdúrà fún mi.

Mo ní ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni, sà.

"Mo mọ̀. Ṣebí gbólóhùn kan ni. Sọ ọ́, gba ìwé ẹ, máa lọ."

Mánéjà ilé epo tẹ̀ mí láago nírọ̀lẹ́. Ó ní ẹnì kejì ti ń yọ òun lẹ́nu, ṣé mò ń bọ̀ àbí mi ò bọ̀. Mo ní mò ń bọ̀.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kejìlá

Mo sọ ọ́.

Wọ́n to àga síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà wá, àwọn ará ìjọ wá, Màámi wọ léèsì aláwọ̀ ewé wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ọwọ́ mi ló ba iṣẹ́ Ọ̀gá mi jẹ́. Ẹ dárí jì mí." Mo rò pé ó máa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́mì ní kí n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n da òróró sí i títí ó fi ń kán sí itan mi. Gbogbo èèyàn ń ṣe àmín, ti Màámi ló ròkè jù. Mo gbójú sókè, mo rí Ọ̀gá. Ó di ojú.

Ó fún mi ní ìwé-ẹ̀rí. Wọ́n ya fọ́tò wa. Mi ò ráyè nu ọwọ́, òróró ràn mọ́ etí ìwé náà.

Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kejìlá

Mánéjà gba ìwé-ẹ̀rí náà. Ó ní kí ló ta sí i, mo ní òróró, ó fi í sínú fáìlì. Ó fi ibi tí màá dúró sí hàn mí. Ibẹ̀ ní ibòji, ó ní ẹ̀rọ omi. Mo ti ra pádì tèmi, mẹ́rin. Mo fọ̀ wọ́n kí n tó lò wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tuntun ni wọ́n. Inú mi dùn, mo fẹ́ kó dùn ju bó ṣe dùn lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kejìlá

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Lẹ́yìn ìsìn, mo se ìrẹsì, mo bù ún fún Màámi, mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Òróró inú pádì, ohun tí Ọ̀gá sọ, bí mo ṣe kó pádì pamọ́, ìdí tí mo fi kúnlẹ̀. Mo ní, Màámi, irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé Ọlọ́run lo kúnlẹ̀ parọ́ fún níjọ́sí, àbí èmi lò ń parọ́ fún báyìí? Èwo ni kí n mú níbẹ̀, Ẹ̀bùn?"

Èyíkéyìí tí mo bá mú, mo ti gbé. Mo ní kò sọ́ràn mà, ẹ jẹ́ ká jẹun. Wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n ní àwọn ti yó.

Mo kó abọ́, mo lọ fọ̀ wọ́n lẹ́yìn ilé, mo dà wọ́n dé sínú agbọ̀n, mo wọlé wá ká aṣọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó yọjú lójú fèrèsé. Màámi ti lóṣòó sídìí agbọ̀n, wọ́n ń tún abọ́ tí mo fọ̀ fọ̀. Wọ́n ń ṣe é láìpariwo, wọ́n ń fi omi díẹ̀díẹ̀ ṣan án, kí n má baà gbọ́.

Mi ò jáde sí wọn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi fọ̀ ọ́ tán. Wọ́n wọlé, wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n ní ṣé kí àwọn po tíì fún mi. Mo ní ẹ ṣé, mà.